Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Eré Ìdárayá Ìlú Wa: Ta Ló Yá Àwọn Ọmọ Wọ̀nyí Lówó?

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Ẹ̀yin àgbà wa nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó eré ìdárayá nílùú Ọ̀yọ́, mo kúnlẹ̀, mo yíká ọ̀tún, mo yíká òsì. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Kí adé pẹ́ lórí Ikú Bàbá Yèyé, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpinnu tí ẹ ṣe níbi ìpàdé yín tó kọjá ni mo bá wá. Ẹ ní ẹ ti ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó ń sáré, tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ tàbí tó ń gbá tábìlì tẹ́nìsì lókè òkun sílẹ̀. Ẹ ní ẹ máa bu iye kan lé oníkálukú lórí. Ẹ tún ní ẹni tí kò bá tíì san án títí ọdún tuntun á fi wọlé, ẹ máa ka orúkọ rẹ̀ lórí rédíò, kí ayé lè mọ̀ pé ó ti gbàgbé ilé.

Orúkọ ọmọ kan wà lókè ìwé yín. Ó pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, láti ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ lọ́wọ́ báyìí. Kò kí mi tán tó fi béèrè pé, "Mà, kí ni mo ṣe fún wọn?" Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù síwájú ọmọ yẹn, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo wá èsì tí mo lè fún un, n ò rí. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí síta nìyẹn, tí n ò wá bá yín sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Gbangba lẹ̀yin náà fẹ́ gbé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sí.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ eré ìdárayá láwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Géèmù làwọn ọmọ ń pè mí, àwọn tó ti lọ́kọ láya nínú wọn ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Títí dòní, gbogbo ọjọ́ Sátidé lẹ máa bá mi lórí pápá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo gbà pé gbèsè wà. Ọmọ tó ti àárín wa jáde, tó dolówó, tó dolókìkí, tó wá ní òun ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, irọ́ ló ń pa, mo sì máa sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà èmi àtẹ̀yin ti pínyà ni ti ẹni tó ni owó. Àwọn tó yá ọmọ lówó kọ́ ló ń sin gbèsè yìí. Àwọn yẹn jókòó sílé, wọn ò wí nǹkan kan. Àwọn tí kò yá a ní kọ́bọ̀ ló wá ń kan ilẹ̀kùn.

1. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka àwọn tó yáni.

Bàbá oníṣẹ́ awọ kan wà ní àdúgbò wa níbí. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ kì í ṣe tòní. Tìmùtìmù àti àpò ni bàbá yìí ń rán tà. Bí bọ́ọ̀lù wa bá ya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń gbé e lọ. Bí bàtà ọmọ bá lanu, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni. Bí mo bá yọ owó, á ní kí n lọ fi ra omi fáwọn ọmọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó kú. Ẹ ò lè rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri kankan nílùú yìí.

Ìyá ọmọ tí mo ń sọ ń ta èlùbọ́ ní Akẹ̀sán. Ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí wọ́n kó òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdíje kan lẹ́yìn ìlú. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kó wọn lọ, n ò ní dárúkọ wọn, já a sílẹ̀ ní Owódé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n di bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n ní kó máa lọ bá ìyá rẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn kò padà wá wò ó. Ìyá rẹ̀ ta òfì méjì tó ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ ní kó kó owó tirẹ̀ ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kàn án. Tẹ̀guntẹ̀gun kan ní Awẹ́ tọ́jú ẹsẹ̀ náà fún oṣù mẹ́ta gbáko, ohun tó gbà kò tó owó epo tó fi ń fọwọ́ ra á.

Nígbà tí iná jó ọjà Akẹ̀sán lóṣù Kìíní ọdún 2020, àpò èlùbọ́ ìyá yìí wà nínú rẹ̀. Mo lọ kí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀. Láàrin oṣù yẹn kan náà, ó wá owó ọkọ̀ fún ọmọ rẹ̀ láti lọ ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan l'Ékòó. N ò mọ ibi tó ti rí i. N ò sì bi í.

Oníṣẹ́ awọ, ìyá eléèlùbọ́, àwọn aláàjọ, tẹ̀guntẹ̀gun Awẹ́: àwọn ló yá ọmọ yìí lówó. Nínú ìwé tí ẹ kọ, ẹ fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo hàn mí lára wọn tí owó yẹn máa kàn.

2. Ẹ ní orílẹ̀-èdè ló sọ wọ́n dènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú jù nínú ohun tí ẹ sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Onitsha ni Francis Obikwelu. Nàìjíríà ló ń sáré fún tẹ́lẹ̀. Ó ní nígbà tóun fara pa ní Òlíńpíìkì Sydney lọ́dún 2000, àwọn aláṣẹ wa kò tọ́jú òun. Pọ́túgàl, níbi tó ti ṣe lébìrà níbi ìkọ́lé rí, ló gbà á mọ́ra. Nígbà tó di ọdún 2004 ní Athens, ó sá eré mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 9.86, ó gba fàdákà. Àsíá Pọ́túgàl ló rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn lọ́jọ́ náà.

Ní Òlíńpíìkì Tokyo, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021, mẹ́wàá nínú àwọn eléré wa ni wọn ò jẹ́ kó díje. Kò sẹ́ni tó bá oògùn lára wọn. Àyẹ̀wò oògùn tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún wọn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni kò pé iye, àwọn tó ń darí eré sísá nílẹ̀ wa ló sì yẹ kó rí i pé ó pé. Àwọn ọmọ gbé páálí kiri ìgboro Tokyo pé gbogbo ohun táwọn fẹ́ kò ju káwọn díje lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Annette Echikunwoke, tó ń ju òòlù onírin. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, àwa ló yàn. Lẹ́yìn ìtìjú Tokyo, ó padà sọ́dọ̀ Amẹ́ríkà. Ní Paris lọ́dún 2024, ó gba fàdákà fún wọn. Àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo, ìbáà ṣe idẹ, àwa kò mú bọ̀ láti Paris yẹn.

Favour Ofili náà wà lára àwọn mẹ́wàá Tokyo. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó yege láti sá mítà 100 ní Paris, wọn ò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí ìròyìn kàn lọ́dún 2025 pé ó fẹ́ máa sáré fún Tọ́kì, mo gbọ́ káàkiri ìlú yìí tí wọ́n ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀, títí kan ẹnu àwọn tó jókòó níbi ìpàdé yín. Ọmọ ta ni nínú wa la máa já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ẹnu ọ̀nà Òlíńpíìkì, tí a ò ní sọ fún un pé kó wá ibòmíràn gbà lọ?

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé nǹkan ti ń yí padà. Lóòótọ́, nígbà tí àwọn obìnrin Super Falcons gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá ní Morocco lóṣù Keje ọdún yìí, Ààrẹ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní 100,000 dọ́là àti ilé. Mo dúpẹ́ fún wọn, mo jó nínú pálọ̀ mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ kan náà ní láti jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì l'Abuja lẹ́yìn tí wọ́n gba ife, wọ́n ní àwọn ò kúrò títí dìgbà tí wọ́n bá san owó àwọn. Lóṣù Kọkànlá tó kọjá yìí, àwọn ọkùnrin Super Eagles kọ̀ láti ṣe ìgbáradì ní Morocco nítorí owó àjẹmọ́nú tí wọn ò tíì rí gbà, nígbà tí ìdíje tí a fi ń wá ọ̀nà Ife Àgbáyé ku ọjọ́ méjì. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún èèyàn lọ́jọ́ ayọ̀ dára. Owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣàdéhùn rẹ̀ ni mo ń sọ.

Ẹ tún jẹ́ kí n dárúkọ Rashidi Yekini. Ọ̀dọ́bìnrin ni mí nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars n'Ibadan, tí Liberty Stadium ṣì ń jẹ́ Liberty Stadium. Mo máa ń wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ wò ó. Bó bá gba bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀, gbogbo wa á dìde dúró kó tó gbá a. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, lọ́dún 1993. Òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wa ní Ife Àgbáyé, lọ́dún 1994, sínú àwọ̀n Bulgaria, tó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n náà, tó ń sunkún. Góòlù mẹ́tàdínlógójì ló gbá fún ilẹ̀ yìí. Ìbàdàn ló gbé nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, ibi tí kò tó ìrìn wákàtí méjì sí wa. Ó ń dá gbé, ó ń yẹra fún èèyàn, a sì ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn bí ẹni ń kàtàn. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012 ló kú. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́lá tó ìlà láti wá ṣèdárò.

Ẹ̀yin àgbà, bí Yekini bá jí lónìí, ta ni nínú wa ló máa gbójú sókè sọ fún un pé ó jẹ Nàìjíríà ní gbèsè?

3. Ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi.

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnì kan níbi ìpàdé yín ní kí ẹ fi àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sókè òkun kún un. London ni wọ́n bí Bukayo Saka sí, Arsenal ló kọ́ ọ láti kékeré, England ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Athens ni wọ́n bí Giannis Antetokounmpo sí, ọmọ ọdún méjìdínlógún ló jẹ́ kí Gíríìsì tó fún un ní ìwé ọmọ onílẹ̀, síbẹ̀ orí pápá ìta gbangba níbẹ̀ ló ti mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé wo la kọ́ fún wọn? Bí inú òbí wọn bá dùn láti sọ fún wọn pé Yorùbá ni wọ́n, ìyẹn tó mi. London náà ni wọ́n bí Ademola Lookman sí, ó sì ti gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ fún England rí kó tó fi tinú tinú yan Nàìjíríà. Kò jẹ wá ní nǹkan kan. Ó fún wa ni. Nígbà tó gba àmì agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún 2024, ẹ̀bùn ni wọ́n gbé wá bá wa, ká mọ̀ ọ́n lẹ́bùn.

4. Tábìlì méjì.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Quadri Aruna. Ní Òlíńpíìkì Rio lọ́dún 2016, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé àárín àwọn mẹ́jọ tó kù nínú tábìlì tẹ́nìsì ẹlẹ́nìkan. Lọ́dún 2022, ó wọ àárín àwọn mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé. Láti ìgbà yẹn, bí ẹ bá rìn kọjá nílùú yìí nírọ̀lẹ́, ẹ máa gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́. Pátákó ìkọ́lé làwọn ọmọ fi ń ṣe tábìlì, wọ́n á gbé e lé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á to búlọ́ọ̀kù mìíràn sí àárín bíi nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á gé pátákó pẹlẹbẹ ṣe báàtì.

Tábìlì gidi gùn ní mítà 2.74, ó fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀ àti díẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́ ọ lórí pátákó kúkúrú, apá rẹ̀ á ti mọ ibẹ̀. Bó bá dé orí tábìlì gidi, ńṣe ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ á máa bọ́ sí àárín, níbi tí ọ̀tá ti ń dúró dè é. Báàtì tí kò ní rọ́bà kò sì lè yí bọ́ọ̀lù, yíyí bọ́ọ̀lù yẹn sì ni eré náà. Mo ti kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí ìdíje n'Ibadan. Ọmọ tí apá rẹ̀ yá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pàdánù ní mọ́kànlá sí méjì. Ó wò mí. Ó rò pé òun kò mọ̀ ọ́n gbá ni.

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń kọ̀wé sí yín fún tábìlì méjì péré. Mo ní ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà náà lọ́wọ́. Ìlú tí ọba rẹ̀ fúnra rẹ̀, Ọba Lamidi Adeyemi Kẹta tó wàjà lọ́dún 2022, kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà èwe, tí kò sì jẹ́ kí eré ìdárayá kúrò lára òun títí dọjọ́ ogbó! Kò yẹ ká máa tọrọ tábìlì níbí.

Ẹ wo bí àwọn tó san gbèsè ṣe san án. Dikembe Mutombo, ọmọ Kóńgò tó fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lówó l'Amẹ́ríkà, ọdún 1997 ni ìyá rẹ̀ kú ní Kinshasa, nítorí rògbòdìyàn kò jẹ́ kí wọ́n rí i gbé dé ọsibítù. Lọ́dún 2007, ó ṣí ọsibítù kan nílùú yẹn, ó sọ ọ́ lórúkọ ìyá rẹ̀. Mílíọ̀nù 15 dọ́là owó ara rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Sadio Mané, agbábọ́ọ̀lù, ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní abúlé Bambali ní Sẹ̀nẹ̀gà, kò sì sí ọsibítù níbẹ̀. Ó ti kọ́ ọsibítù síbẹ̀ báyìí. Tiwa náà, Nwankwo Kanu, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un lọ́dún 1996, ó sì dá àjọ sílẹ̀ lọ́dún 2000 tó ń ràn àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ní àbùkù lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ kankan kò bu owó lé wọn lórí. Oníkálukú padà síbi tí ìyà ti jẹ ẹ́. Bí ẹ bá bi ọmọ èlùbọ́ yìí ohun tó fẹ́ ṣe, á sọ fún yín: ọ̀rọ̀ orúnkún ni. Ó ti ń sọ fún mi láti ọdún tó kọjá pé òun fẹ́ kí ilé ìtọ́jú kékeré kan wà lẹ́bàá pápá. Kí ẹ tó halẹ̀ mọ́ ọn ni o. N ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń rò ó lẹ́yìn tó gbọ́ ìpinnu yín.

5. Owó tó ti wà, tí a ò rí gbà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Òfin kan wà tí FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, ṣe. Bí ẹgbẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà kì í ṣe ti ẹni tó tà á. Ti àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọmọ náà ni, láti ọdún tó pé 12 títí dé ọdún 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Láti ìparí ọdún 2022 sì ni FIFA ti ní ilé ìṣirò kan tó ń gba owó yìí, tó ń pín in.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Lọ́dún 2025, ẹgbẹ́ Galatasaray ti Tọ́kì ra Victor Osimhen lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Napoli ti Ítálì ní mílíọ̀nù 75 yúrò. Ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 3,750,000 yúrò. Ọdún kan tí ẹgbẹ́ kan bá fi kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún 12 sí 15, owó tó tọ́ sí i jẹ́ 187,500 yúrò. Láti ọdún 16 lọ sókè, 375,000 ni fún ọdún kan. Fún ọdún kan péré o! Tábìlì mélòó nìyẹn? Pápá mélòó?

Ohun kan ṣoṣo ni òfin náà béèrè: kí orúkọ ọmọ náà ti wà nínú ìwé. Kí ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Mo ti bi àwọn kóòṣì tí a jọ ń pàdé lórí pápá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á, kò sì sẹ́ni tó là wọ́n lóye, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yín gan-an nìyẹn.

Wọ́n ti ta ọmọ eléèlùbọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn lókè òkun. Owó náà kò tó ohun tí wọ́n ń gbé jáde nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ìdá márùn-ún rẹ̀ ì bá tó kọ́ ilé ìtọ́jú tó ń sọ yẹn. Kọ́bọ̀ kò dé Ọ̀yọ́. Nínú àkọsílẹ̀, ẹgbẹ́ kan l'Ékòó níbi tó ti lo oṣù mẹ́jọ ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù. Ọdún mẹ́rin tó lò lọ́wọ́ mi, àti abẹ́rẹ́ bàbá oníṣẹ́ awọ, kò sí níbì kankan. Ẹ wá fi ọdún mẹ́rin yẹn lé ọmọ lórí bíi gbèsè, nígbà tó jẹ́ pé àwa la kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀.

6. Ẹ̀yin ọmọ wa náà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ka lẹ́tà yìí níbikíbi tí ẹ bá wà. Ẹ má rò pé torí pé mo gbè yín, n ò ní bá yín wí. Àwọn kan nínú yín máa ń wálé lóṣù Kejìlá, wọ́n á kó mọ́tò tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á fọ́n owó sáfẹ́fẹ́ níbi ìnáwó, tíṣà tó kọ́ wọn á sì máa wò wọ́n láti ẹ̀yìn èrò. Ojú mi ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Owó tí ẹ fọ́n sílẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ẹni tó gbé yín dé gáréèjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá ti kú, ẹ wá ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí, ẹ̀yin àgbà.

Ẹ fagi lé ọ̀rọ̀ rédíò yẹn. Lónìí. Kí ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ẹ ti fi orúkọ wọn ṣeré.

Ẹ pe gbogbo kóòṣì àti tíṣà eré ìdárayá nílùú yìí jọ láàrin oṣù Kìíní, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ òfin bọ́ọ̀lù wá, kí ó kọ́ wa bí a ṣe ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, àti bí a ṣe ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ láti ọdún 12. Owó tí ẹ fẹ́ fi gba àkókò lórí rédíò, ẹ fi san owó ìforúkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́.

Tábìlì méjì. Kí báàtì tó ní rọ́bà bá a wá.

Bí ọmọ kan bá mú owó wálé tinú tinú, kí ẹ ní àkáǹtì tó dá dúró fún un, kí ẹ sì lẹ ìwé ìnáwó mọ́ ara ògiri pápá lóṣooṣù, níbi tí ìyá eléèlùbọ́ ti lè dúró kà á, tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Láìsí èyí, èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fún yín ní nǹkan kan.

Ọmọ tí ẹ bá kó lọ síbi ìdíje, tó bá fara pa, ìwòsàn rẹ̀ dọwọ́ ẹni tó kó o lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ọkọ̀ tó gbéra, kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i, kẹ́yin náà fọwọ́ sí i.

Èyí tó kù, mo mọ̀ pé kò sí nínú agbára òfin kankan, mo kàn ń bẹ̀ yín ni. Ògiri pápá wa ní àyè. Ẹ kọ orúkọ bàbá oníṣẹ́ awọ sí i. Mo mọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣì wà nínú ilé yẹn, mo sì ti lọ bi í bóyá ó gbà. Ó gbà.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo máa wà lórí pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo máa kó ẹ̀dà lẹ́tà ọdún mẹ́fà yẹn dání. Ẹ wá bá mi níbẹ̀, kí ẹ mú ìwé orúkọ tí ẹ kọ yẹn wá. Ìyá ọmọ tó wà lókè ìwé náà ní òun máa ti ọjà Akẹ̀sán wá, òun náà fẹ́ rí i.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Géèmù,
olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì.